Aṣọ Olóṣèlú: Kíkà Ni, Kì í Ṣe Wíwò

Ọ̀rọ̀ àsọyé tí ìgbìmọ̀ àjọ̀dún kà níbi ayẹyẹ ọdún kẹwàá ẹgbẹ́ wa ní Òkìtìpupa

   Ọdún mẹ́wàá kì í ṣe ọjọ́ mẹ́wàá. Nínú àwa tí a jọ bẹ̀rẹ̀, àwọn kan ti sùn. Kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere.

Nígbà tí ẹgbẹ́ ní kí ìgbìmọ̀ wa wá sọ̀rọ̀ lónìí, ohun tí a kọ́kọ́ rò ni pé kí a sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wa tàbí lórí ẹ̀jẹ̀ ríru, bí a ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ti rí aṣọ tó wà lọ́rùn wa. Láti àárọ̀ ni a ti ń gbọ́ ọ tí àwọn kan ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé, kí ló ṣe ẹgbẹ́ yìí tí wọ́n fi wọ ànkárá lásán ṣe ọdún kẹwàá, nígbà tí ẹgbẹ́ tó ṣe tiwọn lóṣù tó kọjá wọ léèsì? Ìdáhùn wà fún ìbéèrè yẹn, a ó sì dé ibẹ̀. Àríyànjiyàn tó ṣẹlẹ̀ láàárín wa lórí aṣọ yìí ló bí ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ: ṣé ènìyàn lè fi ìmúra olóṣèlú mọ̀ bóyá olóòótọ́ ni àbí òpùrọ́?

Ní ìpàdé wa ọjọ́ náà, ọ̀kan nínú wa dìde, ó ní ọ̀rọ̀ náà kò le rárá. Ó ní ẹni tó bá ń pààrọ̀ agbádá lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́, tí bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ tó owó oṣù tíṣà, kí ni a tún fẹ́ mọ̀ nípa irú ẹni bẹ́ẹ̀? Kò tíì jókòó tán tí òmíràn fi dá a lóhùn pé irọ́ ni. Ó ní ẹni tí kò lè tọ́jú ara tirẹ̀, tí ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ dọ̀tí, báwo ni yóò ṣe tọ́jú odidi ìjọba ìbílẹ̀? Ọ̀kan pa òwe pé ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Èkejì dá a padà pé aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá. Ká má parọ́ fún yín, díẹ̀ ló kù kí wọ́n di ara wọn mú lọ́rùn ẹ̀wù, níbi tí a ti ń jiyàn lórí ẹ̀wù.

Yorùbá kò kúkú gbà wá sílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí òwe wà fún apá méjèèjì, kálukú sì ń mú èyí tó bá tirẹ̀ mu. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká fi òwe sílẹ̀ ná, ká wo àwọn ènìyàn.

Gbogbo wa la mọ fìlà Awólọ́wọ̀ àti dígí ojú rẹ̀ róbótó. Ẹni tí kò bá rántí, kó yọ ọgọ́rùn-ún náírà lápò, yóò rí bàbá náà níbẹ̀. Bí ìbò bá ti ń bọ̀, ẹ ó rí i pé fìlà yẹn yóò pọ̀ lórí àwọn ènìyàn wa. Ẹni tí kò dé fìlà rí yóò dé e, ẹni tí ojú kò dùn yóò wá dígí róbótó kiri. Kò burú. Ṣùgbọ́n ohun tó gbé fìlà náà níyì ni pé ní oṣù Kìíní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tí Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀ ṣí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́, ilẹ̀ Ìkálẹ̀ níhìn-ín sì wà nínú rẹ̀. Nínú àwọn bàbá tó jókòó síwájú yìí, a mọ àwọn tí wọn kì bá tí mọ ìwé kà bí kì í bá ṣe ọdún yẹn. Fìlà náà wà lọ́jà. Ẹni tó ń tà á kì í bèèrè ìwà lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ rà á, owó ló ń bèèrè.

Ẹni tí a fẹ́ dúró lé lórí jù lọ lónìí sún mọ́ wa ju Awólọ́wọ̀ lọ. Nígbà tí Èkìtì ṣì wà nínú Ìpínlẹ̀ Òǹdó, Michael Adékúnlé Ajásin ará Ọ̀wọ̀ ni gómìnà àkọ́kọ́ tí a fi ìbò yàn ní ìpínlẹ̀ yìí. Oṣù Kẹwàá ọdún 1979 ló dé orí àga, ìparí oṣù Kejìlá ọdún 1983 ni àwọn ológun lé ìjọba alágbádá lọ. Tíṣà ni bàbá náà. Ó ṣe ọ̀gá àgbà ní Imade College ní Ọ̀wọ̀, lẹ́yìn náà ló dá Owo High School sílẹ̀.

Àwọn kan máa ń sọ ìtàn Ajásin bí ẹni pé aṣọ yẹpẹrẹ ni bàbá náà ń wọ̀ àti pé ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ olóòótọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú ìwé tó kọ nípa ìgbésí ayé rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sọ pé aṣọ ìbílẹ̀ tó dára, tó sì níye lórí, ni òun kó wọ ilé ìjọba. Ohun tó sọ tẹ̀lé e ni kí ẹ fetí sí: ó ní aṣọ wọ̀nyẹn náà ni òun kó jáde, ọ̀kan kò lé sí i, ọ̀kan kò sì dín. Ó ka mọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú. Méjì ló kó wọlé, Mercedes kan àti Peugeot kan. Mercedes nìkan ló gbé jáde nítorí ó ti ta Peugeot. Ó ka ilé rẹ̀. Ọ̀kan ṣoṣo ló ní, ní Ọ̀wọ̀, èyí tó ti kọ́ láti ìgbà tó ṣì jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé, ibẹ̀ náà ló sì padà sí. Nígbà tí ìjọba ológun kó àwọn gómìnà àtijọ́ lọ síwájú ìgbìmọ̀ adájọ́, wọ́n tú tirẹ̀ wò, wọn kò rí ẹ̀bi kankan dá a, síbẹ̀ wọ́n ṣì fi bàbá àgbàlagbà náà sí àtìmọ́lé. Ìyẹn tún jẹ́ ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un gbé yẹ̀wò. Bàbá Ajásin kò sọ fún wa pé òun kì í ṣe fáàrí. Kò fi òṣì ṣe ìpolówó. Kíkà ló kà: iye tí mo kó wọlé rè é, iye tí mo kó jáde rè é. Ẹni tó bá fẹ́ já a nírọ́ lè lọ sí Ọ̀wọ̀ lọ ka ilé. Ìgbà tí a ka ibẹ̀ yẹn síta nínú ìgbìmọ̀ wa ni ìjà aṣọ wa parí, nítorí a rí i pé àwọn méjèèjì tó ń jiyàn ń wo aṣọ ni, kò sí ẹni tó ń kà á.

Télọ̀ kan wà nínú ẹgbẹ́ wa, ẹ mọ̀ ọ́n, òun ló rán èyí tí a wọ̀. Gbogbo ìgbà tí a ń pariwo, kò sọ nǹkan kan. Nígbà tó yá ló ní, ẹ̀yin ará, aṣọ kò sọ nǹkan kan fún mi rí, ìwé tí mò ń kọ gbèsè sí ló ń sọ̀rọ̀. Ó ní ọkùnrin kan wà tó ń wá rán aṣọ lọ́dọ̀ òun kí ó tó dé ipò. Búbá àti ṣòkòtò kan péré, ẹ̀ẹ̀mẹta ló fi san owó rẹ̀. Nígbà tó lo ọdún kan àbọ̀ nípò, ó kó agbádá méjìlá wá lọ́jọ́ kan náà, kò ná an, kò gba rìsíìtì. Owó oṣù ipò yẹn kò sì pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní láti ọjọ́ yẹn ni òun ti mọ ohun tí òun mọ̀. A bi í pé ta ni. Ó ní télọ̀ kì í sọ ìwọ̀n ìdí oníbàárà rẹ̀ níta.

Bí a bá ń sọ pé aṣọ nìkan kì í jẹ́rìí, ẹ jẹ́ ká wo ohun kan tó jọ wá lójú. Àwọn ọkùnrin méjì ni, awọ ẹranko kan náà ni. Ní ilẹ̀ Kóńgò tí wọ́n ń pè ní Zaire nígbà náà, Ààrẹ Mobutu fi òfin de kóòtù àti táì òyìnbó. Ó ní ọmọ Áfíríkà ni wá, ó ní kí àwọn ọkùnrin máa wọ ẹ̀wù kan tí wọ́n ń pè ní abacost. Òun fúnra rẹ̀ dé fìlà awọ àmọ̀tẹ́kùn. Ẹ má rò pé Àmọ̀tẹ́kùn tó ń ṣọ́ ọ̀nà wa níhìn-ín la ń sọ o, ẹranko inú igbó ni. Ẹni tó bá rí i yóò sọ pé ẹni tó fẹ́ràn ilẹ̀ rẹ̀ nìyí. Abẹ́ fìlà yẹn náà ló wà tó fi kọ́ ààfin sí Gbadolite ní ìlú rẹ̀, tó ṣe pápá ọkọ̀ òfuurufú tí Concorde lè balẹ̀ sí, tí àwọn ará Zaire kò sì rí oògùn ní ọsibítù. Ọdún 1997 ló sá jáde.

Èkejì ni Mandela. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1962 tí wọ́n gbé e wá sílé ẹjọ́ ní Pretoria, aṣọ awọ àmọ̀tẹ́kùn ti àwọn bàbá rẹ̀ ló dà bora wọlé, òun náà ló kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Ó fẹ́ kí àwọn aláwọ̀ funfun mọ̀ pé ọmọ Áfíríkà ni wọ́n ń ṣe ẹjọ́ rẹ̀ nínú ilé ẹjọ́ wọn. Mandela yìí kan náà, nígbà tó jẹ́ lọ́yà ọ̀dọ́ ní Johannesburg, gbajúmọ̀ ni nínú kóòtù dáadáa, ọ̀dọ̀ télọ̀ àwọn olówó ló ti ń rán an. Nígbà tó di ààrẹ ní 1994, ọdún márùn-ún péré ló lò, ó sì kúrò fúnra rẹ̀. Awọ kan náà ni. Bí ẹ bá to àwòrán méjèèjì síwájú ọmọ tí kò mọ̀ wọ́n, kò ní lè sọ èwo ni èwo.

Àwọn kan nínú yín á sọ pé ẹni tó bá ń ṣe ṣíọ̀ṣíọ̀ ni kí a máa sá fún, kí a sì gba ẹni tó ń múra bíi mẹ̀kúnnù. Ẹ̀yin tí ẹ sọ bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ ká rán yín létí ọdún kejì ẹgbẹ́ yìí. Akápò tí a yàn nígbà náà, ìdí tí a fi yàn án ni sálúbàtà ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ti jẹ gìgísẹ̀, ó ti tún un gán lẹ́ẹ̀mejì. A ní ẹni tó lè tún sálúbàtà gán báyìí, kò ní fi owó wa ṣòfò. Òótọ́ ni, kò fi ṣòfò, ó kàn kó o lọ ni. Akọ̀wé owó tó rí àṣìṣe náà, tó ṣọ́ ọ lójú títí tó fi dá apá kan padà, ẹni tí a máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí lọ́fínńdà àti gínnì ni. Títí di òní, a kò tíì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Bọ̀ọ̀dá wa, ẹ dárí jì wá.

Lókè pátápátá náà, bákan náà ni. Olóògbé Ààrẹ Yar'Adua, káfútánì àti fìlà tí kò ní ariwo ni a mọ̀ ọ́n mọ́. Ẹni tó bá fi aṣọ yẹn wọ̀n ọ́n á rò pé kò ní nǹkan púpọ̀. Ní ọdún 2007, ó gbé ohun tó ní síta fún gbogbo ayé, òun sì ni ààrẹ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀: ó lé ní mílíọ̀nù 856 náírà. Ẹnu ya ọ̀pọ̀ ènìyàn. A kò sọ pé ó jí i, ìdílé ọlọ́lá ló ti wá. Ohun tí a ń sọ ni pé kíkà ló jẹ́ ká mọ̀, káfútánì kò sọ ọ́. Nígbà ìpolongo ìbò ọdún 2015, àwọn amòye tó ń ta olóṣèlú bí ẹni ta ọṣẹ wọ Ọ̀gágun Buhari ní kóòtù dúdú àti táì kékeré tó dà bíi labalábá. Àwòrán náà dára, gbogbo wa la rí i lórí fóònù. Ṣùgbọ́n nínú oṣù Kẹsàn-án ọdún náà ni wọ́n tó sọ fún wa pé màlúù 270, àgùntàn 25 àti ẹṣin márùn-ún ló ní, pé owó tó wà ní báńkì rẹ̀ kò tó mílíọ̀nù 30 náírà. Ìyẹn ni ọ̀rọ̀ tí ènìyàn lè padà wá yẹ̀ wò lẹ́yìn ọdún mẹ́jọ. Ta ló padà lọ ka màlúù náà? A kò gbọ́ pé ẹnikẹ́ni lọ.

Òfin kúkú wà. Òfin Ìpìlẹ̀ ọdún 1999 sọ pé kí ẹni tó dé ipò ìjọba, láti ọ̀dọ̀ ààrẹ títí dé ìjọba ìbílẹ̀, kọ ohun ìní rẹ̀ fún Code of Conduct Bureau nígbà tó wọlé, kí ó tún kọ ọ́ nígbà tó ń jáde. Ohun tí Bàbá Ajásin ṣe nínú ìwé rẹ̀ ni òfin ní kí gbogbo wọn ṣe. Ṣùgbọ́n inú àpótí ni ìwé náà ń wà, ojú wa kì í tó o. Àwa náà kì í sì í bèèrè. Nígbà tí wọ́n bá wá bẹ̀ wá fún ìbò ní Òkìtìpupa, ní Ìrèlè, ní Ìlútitun, ta ló ti dìde rí láàárín wa láti bi wọ́n pé, ilé mélòó lẹ ní lónìí, kí a kọ ọ́ sílẹ̀? Ohun tí a máa ń bèèrè ni pé, aṣọ ńkọ́?

Ibi tó ń dùn wá nìyí, a ò sì ní fi pamọ́. Nígbà àjọ̀dún ọdún karùn-ún wa, ẹnìkan tó ń wá ipò ra ànkárá fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, ojú rẹ̀ ni wọ́n tẹ̀ sí àyà àti ẹ̀yìn. A gbà á. A jó o. A fi ya fọ́tò, ó wà nínú ìwé àjọ̀dún ọdún náà. Ó wọlé ìbò. Nígbà tí òjò gbé afárá kékeré tó wà lójú ọ̀nà ilé ìwé àwọn ọmọ wa lọ, a yan ènìyàn mẹ́fà kí wọ́n lọ rí i. Nínú ìwà àìronú wa, a ní kí wọ́n wọ aṣọ yẹn lọ, kó lè rántí wa. Ó rántí. Ó nawọ́ sí àyà wọn níbẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, ẹ̀yin ẹgbẹ́ yìí, ṣebí mo ti dá yín lóhùn ná? Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà padà wálé, kò sí ẹni tó lè sọ ọ̀rọ̀ nínú mọ́tò. Pákó la fi la afárá náà, pákó yẹn náà ló wà níbẹ̀ lónìí. Àwọn Yorùbá ní ẹni tó bá máa dáṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò. A wo ti ọrùn rẹ̀ o. Ó dára gan-an. A kò bèèrè ẹni tó san owó rẹ̀.

Ní ọdún yìí, òmíràn tún wá. Léèsì ni tirẹ̀, yáàdì márùn-ún lórí ẹni kọ̀ọ̀kan, gèlè fún àwọn ìyàwó, kò sì ní tẹ ojú rẹ̀ sí i. Ó ní kí a kàn dárúkọ òun lórí pẹpẹ. Ọmọlúàbí ènìyàn ni lójú, ohùn rẹ̀ tutù, aṣọ rẹ̀ mọ́, ó ń kí àgbà. A kò mọ̀ ọ́n sí ẹni burúkú. Àwa náà sì mọ bí nǹkan ṣe rí fún ẹlòmíràn nínú wa, bí owó ẹyìn ṣe ń lọ sókè sódò, bí a ti ń gbé nínú òkùnkùn ní agbègbè yìí láti ọ̀pọ̀ ọdún tí a ń fi eèédú lọ aṣọ tí a fẹ́ fi ṣe ayẹyẹ. Ẹni tó bá sọ pé léèsì ọ̀fẹ́ kò wọ òun lójú, irọ́ ló ń pa. Ìpàdé mẹ́ta la fi jiyàn. Mọ́kàndínlógún ní kí a gbà á, pé owó wa náà ni, kí a gba tiwa lára rẹ̀. Kò sí bí a ṣe lè sọ pé ọ̀rọ̀ yẹn kò nítumọ̀. Mẹ́tàlélógún ní kí a dá a padà. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́fà tó lọ nípa ti afárá ló sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, kò pẹ́ lórí ẹsẹ̀. Ó ní tí a bá gbà á, ẹlòmíràn ni kí a rán lọ nígbà mìíràn.

A kọ lẹ́tà ìdúpẹ́ sí ọ̀gbẹ́ni náà, a dá léèsì rẹ̀ padà pẹ̀lú ọ̀wọ̀. A fi ìwé kan sí i, tí a ti ya àwọn ìlà sí: ilé, ilẹ̀, mọ́tò, oko ọ̀pẹ, owó báńkì. A ní tó bá kọ ọ́ kún, a óò tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé àjọ̀dún yìí fún un láìgba kọ́bọ̀. Títí tí ìwé yìí fi lọ sọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé, a kò rí èsì. Ẹ wo ojú ewé tó tẹ̀lé èyí, a ti fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀.

Márùn-ún nínú àwọn mọ́kàndínlógún wọ̀nyẹn kò wá lónìí. A mọ̀ wọ́n, a sì ń retí wọn, àga wọn rè é. Aṣọ tiwọn wà lọ́dọ̀ télọ̀ wa, ó ti rán an tán. 9,500 náírà ni ànkárá àti iṣẹ́ rẹ̀ ná ẹnì kọ̀ọ̀kan, àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà lẹ́yìn ìwé yìí, akọ̀wé owó wa alágínnì ti fọwọ́ sí i. Ẹ̀yin mẹ́ta tí ẹ kò tíì san tán, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, ó sì mú ìwé rìsíìtì dání.